Ẹ má fi iná pupa búrékì rin ìrìn àjò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó sọ̀rọ̀. Aṣọ ni mò ń tà, iwájú ọkọ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná pupa búrékì ń tàn níwájú awakọ̀ wa láti Àkúrẹ́ títí a fi kọjá Ọ̀wẹnà. Mo pè é sí i. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń tàn bẹ́ẹ̀, pé kò sí nǹkan kan. Inú bí mi gan-an.

Nígbà mìíràn tí iná yìí bá ń tàn, hándì-búrékì ni wọn ò sọ̀ kalẹ̀ tán. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, epo búrékì lè ti lọ sílẹ̀: bóyá ó ń jò, bóyá páàdì ló ti jẹ. Ẹ má bu omi tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dípò epo búrékì o: omi lè mú irin inú búrékì dípẹtà, ọ́ìlì sì máa ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́! Bí búrékì bá sì ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ rọra já jíà wálẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin olórí gáréèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wo iná yìí kí ẹ tó jẹ́ kí èrò wọlé.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.