Ìkéde fún ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Peckham: ìpàdé lórí páàkì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù.

Sátidé tó ń bọ̀, aago méjì ọ̀sán, a ó pàdé lẹ́nu géètì ọgbà ìgbafẹ́ wa. Kánsù fẹ́ tún ìwé ètò ìtọ́jú rẹ̀ kọ, kí wọ́n lè fi gba àsíá Green Flag, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ fún páàkì tí wọ́n tọ́jú dáadáa. Láti ọdún 1996 ni ètò àsíá yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn adájọ́ rẹ̀ máa ń wo ìmọ́tótó, ààbò, ìtọ́jú igi, àti bí ará àdúgbò ṣe lọ́wọ́ sí i.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ká mi lára. Ta ló ń sọ pé páàkì dára? Lójú ẹlòmíràn, kí koríko ṣáà ti gún régé ni. Lójú tiwa, bí wọ́n bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa, tí àwọn ìyá wa ò rí àga jókòó sí, tí iná ò tàn nírọ̀lẹ́, kò tíì dára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ò sọ ìtọ́jú páàkì di dandan fún kánsù, nítorí náà owó rẹ̀ kì í pẹ́ gé bí àpò bá gbẹ. Ohun tí a ò bá kọ sínú ìwé yẹn, ó ṣòro kó tó rówó.

Ẹ ya fọ́tò ibi tó bàjẹ́ wá. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, àwọn ló ń lò ó jù. Ẹni tí ò bá ní lè wá, kó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí Fúráìdé tó parí.

Akọ̀wé yín