Bá mi pe Kẹ́hìndé

Agbowó, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́

Àṣàbí mi ọ̀wọ́n,

Àgùnbánirọ̀, ṣé àlàáfíà lo wà ní Yola? Níbí, òjò kò jẹ́ ká sinmi, ìyá aláàmàlà wa ní Bódìjà ṣì ń béèrè rẹ, ẹran wọn sì ti gbówó lórí sí i.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ló mú mi kọ̀wé. Látìgbà tí iṣẹ́ àṣekágbá ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀, kò dé pápá mọ́. Títí di àná, bàtà eré rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé níbi tó gbé e kọ́ nígbà tí ò ń lọ, aláǹtakùn ti ta òwú sí i. Bí mo bá ní ká lọ gbá fọ́líbọ́ọ̀lù, "mi ò ráyè" náà ni. Kẹ́hìndé tí ilẹ̀ á ṣú tí kò ní jẹ́ ká gbé bọ́ọ̀lù wálé!

Lóru Ọjọ́bọ̀ mo ta jí, mo bá a tó jókòó nínú òkùnkùn, tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tó ti kú. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun ń dúró de iná ni. Àṣàbí, ọjọ́ kẹta tí a ti rí iná gbẹ̀yìn nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí.

O rántí bí èmi náà ṣe dà nígbà ìdánwò èsí, tí orí ń fọ́ mi, tí oúnjẹ ò lọ lọ́fun. Ìwọ lo wọ́ mi dé pápá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó sun oorun tó dé ìdájí. Ìwé kò dínkù, ṣùgbọ́n àyà mi balẹ̀ tó láti ṣí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣeré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa ju ìyẹn lọ, a ò tiẹ̀ mọ̀. Ariwo ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: wọ́n á pe orúkọ rẹ, wọ́n á ní gbà á, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní orí kẹta iṣẹ́ àṣekágbá.

Eré nìkan kọ́ ni mo gbójú lé o. Mo bẹ̀ ẹ́ ká jọ lọ rí olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó bi mí bóyá mo rò pé orí òun ti dàrú ni. Tìẹ ló máa ń gbọ́.

Jọ̀ọ́, pè é lọ́la, má dárúkọ mi. Má mẹ́nu ba iṣẹ́ àṣekágbá rárá. Sọ pé kó kàn wá bá wa ka ayò ní Ọjọ́rú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kò di dandan kó gbá a. Mo ti já bàtà rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti fọ̀ ọ́.

Tìrẹ,
Bọ́láńlé