Ohun tí wàá fi kọ ìtàn rẹ

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú akitiyan. O ní kí n yan ọ̀kan fún ọ nínú bírò, táípúráítà àti kọ̀ǹpútà. Fi ọwọ́ kọ àkọ́kọ́, kí o wá fi kọ̀ǹpútà tún un kọ. Ti táípúráítà, ó nídìí tí mo fi yọ ọ́ sẹ́yìn.

Bọ́tìnnì ìpàrẹ́ ló ń pa ìtàn nínú kọ̀ǹpútà. O kò tíì kọ gbólóhùn kejì tán tí wàá ti padà sórí èkíní. Ilẹ̀ á ṣú, ìpínrọ̀ kan náà lo ṣì ń dán. Èyí tí o pa rẹ́ kò sì sí mọ́ láti fi wé tuntun. Lórí ìwé, ìlà kan ṣoṣo ni kí o fà sórí ọ̀rọ̀ tí o kò fẹ́, má kùn ún dúdú, torí o lè padà wá mú un.

Lo ìwé onílà A4. Ojú kan ni kí o máa kọ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà fún àfikún, kí o sì máa fo ìlà kan láàárín méjì. Fi nọ́ńbà sí gbogbo ewé kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sá fún ọ, kọ XX síbẹ̀, máa lọ. Bí ọwọ́ bá tètè ń ro ọ́, o di bírò mú le jù nìyẹn. Pẹ́ńsùlù 2B rọ̀ lọ́wọ́ ju HB lọ, àmọ́ ó máa ń tàn sójú ewé, ó sì tètè kú. Lálaalẹ́, ya fọ́tò ohun tí o kọ. Ife omi kan tó bá dà, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè bá a lọ.

Táípúráítà wà fún ẹni tí kò lè yé padà sẹ́yìn, torí iwájú nìkan ló mọ̀. Fi ewé méjì sí i pọ̀, kí ti ẹ̀yìn máa gba ìlù lẹ́tà, kí rọ́bà rólà má baà jẹ. Bí o bá tẹ lẹ́tà méjì lẹ́ẹ̀kan, apá wọn á há mọ́ra: fi ìka tú wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èyí tó bá wọ́ kò ní bọ́ sójú ìlà mọ́. Bí ikùn «e» àti «o» bá ń dúdú, yíǹkì gbígbẹ ló dí i. Búrọ́ọ̀ṣì líle ló ń yọ ọ́. Rí i dájú pé ríbọ̀nù rẹ̀ ṣì wà lọ́jà kí o tó sanwó. Ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ará ilé sùn.

Bó bá kan kọ̀ǹpútà, má bẹ ẹnikẹ́ni kó bá ọ tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ yẹn gan-an ni àtúnkọ: gbólóhùn tó bá sú ìka rẹ, á sú òǹkàwé. Lójoojúmọ́, ṣí fáìlì tuntun, kí o fi ọdún ṣáájú oṣù, oṣù ṣáájú ọjọ́ nínú orúkọ rẹ̀, wọ́n á tò ara wọn. Fi ẹ̀dà 3 pamọ́: kọ̀ǹpútà, fláàṣì, íntánẹ́ẹ̀tì. Fódà tó ń dọ́gba fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó, torí ohun tí o bá pa rẹ́ níhìn-ín, á pa rẹ́ lọ́hùn-ún. Níkẹyìn, tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, kí o kà á sókè pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ