Ẹ má fi ọwọ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, láti ìgbà tí mo ti ń pọn àkọ́bí mi sẹ́yìn ni mo sì ti wà nídìí òwò yìí. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e dé etí gbogbo wa tá à ń ta oúnjẹ ní Ìbàdàn, àti àwọn ọmọ tó ń bá wa gbálẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, wọ́n bá òkú Gene Hackman, òṣèré Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, àti ti ìyàwó rẹ̀, Betsy Arakawa, nínú ilé wọn ní Santa Fe. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú wò, wọ́n ní àrùn ọkàn ló pa ọkọ. Ìyàwó, ẹni ọdún 65, hantavirus ló pa á. Ọmọ mi ló ka ìròyìn náà sí mi létí. Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní, “Màámi, àrùn eku ni.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ léèrè.

Odò Hantan ní Kòríà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà ogun Kòríà, láàárín 1950 sí 1953, ó lé ní 3,000 ọmọ ogun tí àrùn yìí dá gúnlẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Ó di 1976 kí Ho Wang Lee, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, tó rí kòkòrò àrùn náà lára eku oko. Ní 1993, ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà bẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Amẹ́ríkà. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí èyí bá mú, ó ń pa tó mẹ́rin, kò sì tíì sí oògùn tó ń pa á. Eku tó ń gbé e kiri kì í ṣàìsàn rárá. Inú ìtọ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ àti itọ́ ẹnu rẹ̀ ni àrùn wà. Bí ìwọ̀nyí bá gbẹ, tí ẹnì kan wá fi ọwọ̀ gbá a, ó di eruku, onítọ̀hún á sì fà á símú.

Ọ̀rọ̀ ọwọ̀ yẹn ló dá mi dúró.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè dé ìsọ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà ti ń gbálẹ̀. Oòrùn gba ihò páànù wọlé, eruku ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ọmọ ń wúkọ́, kò sì dúró. Mo gbé kóńgò tí mo fi ń wọn èlùbọ́. Hóró mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀, dúdú, wọ́n gbẹ, ẹnu wọn ṣóńṣó. Ó mà ṣe o! Ọjọ́ mélòó ni mo ti rí irú rẹ̀, tí mo gbọ́n ọn dànù, tí mo sì ń wọn ọjà fún oníbàárà lọ?

Eku tó pa ìyàwó Hackman kò sí ní Bódìjà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo fi àrùn Amẹ́ríkà dẹ́rù ba ọjà. Ṣùgbọ́n àwa náà ní tiwa. Ní 1969 ni wọ́n mọ ibà Lassa, ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Eku tó ń gbé e jẹ́ eku ọlọ́mú púpọ̀ tó fẹ́ràn ilé àti àká, kò jìnnà sí wa: Oǹdó, nílẹ̀ Yorùbá níbí, wà lára ìpínlẹ̀ tí ibà yìí ń yọ lẹ́nu jù. Oúnjẹ tí eku tọ̀ sí ló sábà máa ń gbà wọlé, tàbí ọwọ́ tó kàn án, ó sì lè gba inú eruku pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ó ń ti ara aláìsàn ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo gbodo tí wọ́n ń sá sí ẹ̀bá títì, àti gààrí tó ń sùn síta mọ́jú. Àwọn àgbà ní eku a máa jẹni lẹ́sẹ̀, a sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó má baà dunni. Èyí tí mò ń wí yìí kò tilẹ̀ nílò kó jẹ ẹnikẹ́ni.

Ó lè tó ọjọ́ 21 kí Lassa tó farahàn: ibà, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, àìlókun. Gbogbo wa á ní ibà ẹ̀fọn ni, á di kẹ́mísì. Oògùn tí wọ́n ń lò sí i ni ribavirin, wọ́n sì ní ó sàn kí wọ́n tètè lò ó. Bí a bá jáfara, àwọn kan kú, àwọn mìíràn yè é, etí wọn di.

Nígbà tí ìyá mi ń tajà, wolé-wolé máa ń ṣí ìkòkò omi wò, wọ́n á sì sọ fún un bí yóò ṣe tún un ṣe. Àwọn tó ń yẹ ìsọ̀ wa wò lóde òní, agbọ̀n ìdọ̀tí ni wọ́n ń bi mí, wọ́n á já ìwé owó ìtanràn, wọ́n á lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ́ mi pé kí n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n da ife Hypo kan sínú ife omi mẹ́sàn-án, kí n fi rẹ ìgbẹ́ eku náà, kí n dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó nù ún. Nígbà tí májèlé bá sì pa eku, àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ lásán fa ìrù rẹ̀ lọ sójú àkìtàn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìgbà tí Lassa máa ń jà jù. Mo bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí wolé-wolé gbé korobá àti ìbọ̀wọ́ wá sí Bódìjà, Òjé àti Ọjàa'ba kí ó tó dé, kí wọ́n ṣe é lójú wa. Ìyálọ́jà á kó wa jọ. Ẹ̀yin náà, olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ nọ́ńbà tí a ń pè lọ́fẹ̀ẹ́ sí NCDC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn nílẹ̀ wa, 6232, gàdàgbà sí iwájú ìwé ìròyìn yín, kí ọmọ tó ń gbálẹ̀ lè gé e, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀.

Èmi ni,
Ìyá elélùbọ́ kan,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.