Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Fóònù Yín Kò Gba Nẹ́tíwọ̀kì Nínú Ṣọ́ọ̀bù Mi ní Ìtòkú

Ọjà Aládìrẹ, Ìtòkú,
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,
Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ fóònù kan sùn yín. Lọ́wọ́ aṣojú yín ní Òkè-Ìléwó ni mo ti rà á, ṣùgbọ́n kò gba nẹ́tíwọ̀kì bó ṣe yẹ nínú ilé, nígbà tí fóònù tí owó rẹ̀ kò tó tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geere níbẹ̀. Mo lọ bá aṣojú yín, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dára. Mo lọ bá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n ní kí n lọ yẹ fóònù mi wò. Nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ẹ̀bi, mo wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi.

Àdìrẹ ni mo ń tà. Fídíò aṣọ tuntun ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà tó wà lókèèrè, nítorí náà bí dátà ṣe ń yára jáde lórí fóònù jẹ mí lógún ju bó ṣe ń yára wọlé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ń wọlé nìkan ni ìpolówó yín máa ń pariwo. Síìmù kan ṣoṣo ni mo lò. Mo ń yọ ọ́ láti inú fóònù kan sí òmíràn, lórí ìjókòó kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín wákàtí kan náà. Fóònù tèmi wà níbẹ̀, fóònù olówó pọ́ọ́kú ti ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti aládùúgbò mi, tí orúkọ fóònù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti fóònù tèmi rárá.

N kò gbára lé àwọn ìlà kéékèèké tó ń fi agbára nẹ́tíwọ̀kì hàn lójú fóònù, torí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ohun tí ìlà kan dúró fún. Ní ọdún 2010, Apple fúnra wọn jẹ́wọ́ pé ìṣirò tí àwọn fi ń ya ìlà sórí iPhone kò tọ̀nà, ó ń fi púpọ̀ hàn ju bó ṣe yẹ lọ. Nọ́ńbà dBm, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára nẹ́tíwọ̀kì, tó wà nínú ètò fóònù ni mo kà. Ó máa ń ní àmì òdì níwájú. Èyí tó bá sún mọ́ òdo jù ló lágbára jù, tí ọ̀kan bá sì fi 10 ju èkejì, ìlọ́po mẹ́wàá ni agbára rẹ̀. Fóònù tèmi ka -117, ti ẹ̀gbọ́n mi ka -98, ti aládùúgbò mi ka -97. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ìyàtọ̀ náà sún mọ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Fídíò tó jáde kíákíá lórí ti àwọn yòókù kò jáde lórí tèmi. Ṣe ni ó já bọ́ sórí 3G.

Mo wá kó gbogbo wọn lọ sí gbangba ní Kútọ̀, níbi tí mo ti ń fojú rí òpó nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ká ní fóònù náà bàjẹ́ ni, ìbá ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Èyí ló jẹ́ kí n yẹ páálí rẹ̀ wò. Lẹ́tà tó parí nọ́ńbà irú fóònù tèmi yàtọ̀ sí ti aládùúgbò mi. Báǹdì 20, ìyẹn ìgbì nẹ́tíwọ̀kì ti 800 MHz, wà lára ohun tí wọ́n kọ sí páálí tirẹ̀, kò sí lára tèmi. Ìgbì tó lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń la ògiri kọjá ju 2600 MHz lọ, bí 2600 tilẹ̀ lè gbé dátà púpọ̀ níbi tó bá ti rí àyè. Àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kan ń lo 800 MHz fún 4G ní Nàìjíríà. Lábẹ́ Àpáta Olúmọ, nínú ṣọ́ọ̀bù oníbúlọ́ọ̀kù, ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá ní i yóò jìyà.

N kò bá yín jà pé ẹ ń ṣe oríṣiríṣi fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹ fi orúkọ kan náà àti iye kan náà tà á ní Abẹ́òkúta, ẹ kọ "4G" gàdàgbà sára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ohun tó ṣaláìní fún mi. Àtúnṣe sọ́fúwià tí aṣojú yín ní kí n ṣe, mo ṣe é. Nọ́ńbà náà kò yí padà.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí tó ní báǹdì 20 pààrọ̀ fóònù náà fún mi, tàbí kí ẹ dá owó mi padà. Mo tún fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bóyá NCC, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí irú tèmi yìí fún títà ní Nàìjíríà. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín láàárín ọjọ́ 14, èmi yóò gbé ẹjọ́ náà lọ sí àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti máa gbèjà àwọn oníbàárà. Ẹ̀dà rìsíìtì, àwòrán páálí méjèèjì àti àwọn nọ́ńbà tí mo kà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Nọ́ńbà tí ẹ lè fi pè mí wà lórí rìsíìtì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é lásìkò tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù bí síìmù náà bá ṣì wà nínú fóònù yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, aládìrẹ ní Ìtòkú.