Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n sáré ṣègbéyàwó nínú ìtàn yẹn

Sí Olóòtú,

Okun o, ẹ sì kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka gbogbo lẹ́tà tí ẹ kó jọ lórí ìtàn ìfẹ́ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yín, ti aránṣọ tó jẹ owó àjọ, tó ṣẹ̀wọ̀n ní Kàbà, tó sì padà wá bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ẹnu kò kò rárá. Àwọn kan fẹ́ kí ìgbéyàwó wáyé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn kan ní obìnrin tí orí rẹ̀ pé kì í dúró de ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló ní ìtàn náà ti ń fà jù láti orí kẹrin. Èmi rò pé ibi tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún gan-an ni òǹkọ̀wé ti ṣì í, ibi tí wọ́n ní ó sú wọn ló sì ti mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ìṣirò rẹ̀. Òǹkàwé kan láti Mọ́pà bínú pé adájọ́ ju ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ló lò? Ó ní bí kò bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé wọ́n gba rìbá. Irọ́ kọ́, rìbá sì kọ́. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá ju oṣù kan lọ lè jèrè ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ padà bí ìwà rẹ̀ bá dára. Ọdún márùn-ún jẹ́ oṣù 60. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 20, ó ku 40. Òun náà ló fà á tí wọ́n fi ń sọ pé oṣù mẹ́jọ ni ọdún ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó ń sọ pé wọ́n ń ka ọ̀sán lọ́tọ̀, wọ́n ń ka òru lọ́tọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn elérò ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti mú ẹlẹ́wọ̀n wọlé ni wọ́n ti ń ṣírò ọjọ́ méjì sílẹ̀ dè é: ọjọ́ tó lè yá jù tí yóò jáde, àti ọjọ́ tó lè pẹ́ jù. Ìwà rẹ̀ ló ń sún un láàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá bá fóònù lábẹ́ ẹní rẹ̀, tàbí tó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà, wọ́n lè gé nínú ọjọ́ tó ti jèrè.

Ohun tí òǹkọ̀wé ì bá fi kún un ni pé ẹni tí wọ́n ṣì tì mọ́lé láti máa retí ìdájọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí. Kóòtù kò tíì sọ iye ọdún, kí ni wọ́n fẹ́ yọ ìdá kan kúrò lára rẹ̀? Irú wọn ló sì pọ̀ jù ní Kàbà nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ọgbà náà lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n kéde pé èèyàn 294 ló wà nínú ọgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 fún èèyàn 200. Nínú 294 yìí, 70 péré ni kóòtù ti dá lẹ́bi. Àwọn 224 yòókù ń retí ìdájọ́ ni. Ẹni tó kọ̀wé láti Ìyàrá pé olè ni gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu géètì yẹn jáde, kó tún un rò.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló dá awuyewuye mìíràn sílẹ̀. Nínú ìtàn náà, odi wó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá lọ, ọkùnrin náà jókòó. Àwọn òǹkàwé fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní ẹ̀dá wo ló máa rí ọ̀nà tí kò ní gbà á. Ohun tí wọ́n kéde ni pé 240 ló jáde, kì í ṣe gbogbo wọn. Ọkùnrin inú ìtàn wọlé ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ó ti lo oṣù mẹ́fà nínú 40, ó sì mọ̀ pé sísá lẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tún tìtorí rẹ̀ gbé e dé iwájú adájọ́. Ó jókòó nítorí pé ó mọ ìṣirò. Kò dìgbà tí a bá sọ ọ́ di ẹni mímọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi géètì tí gbogbo yín ti sunkún. Òru ni, òjò ń rọ̀, obìnrin wà nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin sáré jáde. Ó dùn ún kà. Àmọ́ wọn kì í tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ lóru. Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kà wọ́n pé, tí wọ́n ń ti yàrá, ó di ọjọ́ kejì. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń tú èèyàn sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún wọn kà. Wọ́n á pè é sí ọ́fíìsì tí ìwé wà, wọ́n á yẹ wáráńtì kóòtù wò mọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀, kó má lọ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń tú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó ẹrù tó bá wọlé fún un, á sì fọwọ́ sí i: bàtà, aago, fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti wú, ṣòkòtò tí bẹ́líìtì rẹ̀ kò ní ihò tó lè mú un dúró ní ìbàdí mọ́. Bí òǹkọ̀wé bá ń wá ibi tí yóò ti pa wá lẹ́kún, ìdí bẹ́líìtì yẹn ni kó lọ. Òjò kò pọn dandan.

Ibi fóònù yẹn ni òǹkọ̀wé tún ti ṣubú jù. Ó ní ọkùnrin náà gba ilé ẹni tó ń ṣáàjì fóònù lọ, ó tan án, ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí obìnrin náà ti fi ránṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta bá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́rin nínú àwọn tí ẹ tẹ̀ ló yin ibẹ̀ yìí. Kò lè ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún oṣù mẹ́fà, àjọ NCC tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù gbà wọ́n láyè láti pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ìyẹn nìkan kọ́, láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti dí ìpè síta lórí síìmù tí kò bá ní nọ́ńbà NIN lára. Ọkùnrin náà kò lè so NIN mọ́ síìmù nínú ẹ̀wọ̀n. Lóṣù keje ọdún 2024 tó jáde, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé nọ́ńbà rẹ̀, ó lè jẹ́ ìyá oníṣòwò kan ní Kàdúná. Ìtàn tó dáa wà níbẹ̀ tí òǹkọ̀wé fò kọjá: obìnrin tó ń pe nọ́ńbà tí ó mọ̀ lórí, tí àjèjì gbé e lọ́jọ́ kan. Ti owó tó wà ní báǹkì kò le tó bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì rẹ̀ á ti sùn, àmọ́ pẹ̀lú BVN àti ìwé ìdánimọ̀, wọ́n á jí i.

Orí kẹrin dé orí keje ni wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún un kà. Ọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ilẹ̀kùn kò tì, síbẹ̀ ó ń retí kí ẹnì kan ṣí i fún òun. Apá ìta ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀wọ̀n, lẹ́yìn oṣù 40, ọwọ́ á ti gbàgbé iṣẹ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ kò tíì bu ọbẹ̀ sí tirẹ̀ tí iyán ti tán níwájú ọmọ. Ọkùnrin náà ń jí nídàájí, á ká ẹní, á jókòó ti ògiri, á máa retí ẹni tí yóò kà á. Obìnrin náà wá láti ẹ̀yìn, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ọkùnrin náà yí bìrí pẹ̀lú ìkúùkù, ìgbà tó rí ẹni tó jẹ́ ni ara rẹ̀ tó wálẹ̀. Àwọn òǹkàwé yín pe ìyẹn ní àìnífẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti ń dárúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì fún ìwà náà lórúkọ, kò ṣàlàyé, ó kàn ń jẹ́ kó máa ṣe é. Èmi kò rí ìfẹ́ tó ju ìyẹn lọ nínú gbogbo ìtàn náà, pẹ̀lú gbogbo òjò rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ní kí obìnrin náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní kóòtù nígbà tó wà lẹ́wọ̀n: kí ló fẹ́ kọ̀? Mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ nìkan ni ìdílé méjèèjì ṣe, wọn kò san owó orí, wọn kò dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò dé kóòtù. Àfẹ́sọ́nà ni, kì í ṣe ìyàwó. Bó bá fẹ́ lọ lọ́jọ́ kejì ìdájọ́, ọ̀rọ̀ tó kù kò ju ẹrù tí ilé ọkọ gbé wá lọ, àwọn àgbà ẹbí ló sì ń yanjú ìyẹn. Ká ní wọ́n ti fẹ́ra lọ́nà ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ owó orí. Ká ní lọ́nà òfin ìjọba ni, kóòtù gíga ni, òfin ìgbéyàwó ti 1970 kò sì ní kí aya kàn gbọ́ ẹ̀wọ̀n kó sì gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó dárúkọ ni ọkọ tí kóòtù ń dá lẹ́bi léraléra láàárín ọdún márùn-ún, tí àpapọ̀ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún mẹ́ta, tó sì ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fi aya sílẹ̀ láìní ohun tí yóò jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dá ọkùnrin tiwa lẹ́bi. Òmíràn ni ọkọ tó ti lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán lẹ́wọ̀n lórí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ṣì wà níbẹ̀; oṣù mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ni ìyẹn ì bá fi bá tiwa mu.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí: láti ìgbà tí wọ́n ti dájọ́, òǹkọ̀wé kò mẹ́nu ba owó àjọ mọ́. Ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní orí kìíní: àwọn 24 ló ń dá a, wọ́n ń kó o lópin ọdún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tó fọ́. N480,000 nìyẹn. Àwọn òǹkàwé kan ní ọkùnrin náà ti fi ọdún rẹ̀ san án. Ta ló gba ọdún náà? Ìyà tí ìjọba fi jẹ ẹ́ yàtọ̀ sí owó tí ìyá alátà ń retí. Wọ́n tún jẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn èèyàn ń kó ankárá wá. Lọ́jà wo? Ẹni tí ìlú mọ̀ pé ó jẹ owó, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un ni èyí tí kò ní dùn wọ́n bó bá sọnù: síìpù tó já, ṣòkòtò tó gùn jù, yunifọ́ọ̀mù ọmọ tó ya lábíyá. Ó máa pẹ́ kó tó di pé ẹnì kan gbé odindi aṣọ fún un kó gé e. Ìránṣọ tó kọ́ sí i nínú ọgbà kò yí ìyẹn padà, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wù kó dán tó.

Bó bá ń rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún yà sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ nínú iṣẹ́ àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 96 ni yóò fi san gbèsè náà tán. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì. Kó má sì dá lọ bá wọn láti ojúlé dé ojúlé bí òǹkọ̀wé ṣe ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan rán an káàkiri. Olórí ẹbí ni yóò síwájú, pẹ̀lú ìwé tí orúkọ àwọn 24 wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbà. Bí ẹnì kan bá ti kú, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Kí ẹlẹ́rìí máa fọwọ́ sí ìwé ní gbogbo ìgbà tí owó bá lọ, nítorí àwọn kan á gbà lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n bá rí àyè, ẹ má wulẹ̀ tàn wá.

Ẹ wá fojú inú wo ìgbéyàwó tí ẹ ń sáré sí. Wọ́n na kánópì, wọ́n se ìrẹsì, aṣọ ẹbí ń dán, àwọn 24 yìí kan náà ló wà lórí ìjókòó torí ará àdúgbò kan náà ni wọ́n. Alága ìdúró ní kí wọ́n wá ná ìyàwó lówó. Ta ló máa dìde?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé kó tó fi orí kẹsàn-án lé yín lọ́wọ́. Kó tún ti fóònù ṣe, kó gbé ìtúsílẹ̀ lọ sí òwúrọ̀, kó sì jẹ́ kí obìnrin náà rí ìwé àwọn 24 kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí àwọn òǹkàwé bá ní ó ti tún ń fà, kó máa fà lọ.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.