Ilẹ̀ yàrá ni kí owó jíìmù kọ́kọ́ bá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti Ìgbógbó títí dé Òdógunyàn, àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú ń gba ṣọ́ọ̀bù láti fi ṣe jíìmù kékeré, irú èyí tí kóòṣì kan ti ń dúró ti ẹnì kan tàbí ẹni méjì, tí kò ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo èrò. Iṣẹ́ tó dára ni. Ohun tó ń dùn wá ni pé owó wọn ti máa ń tán sórí ẹ̀rọ ńláńlá kó tó kan ilẹ̀ yàrá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ lè mọ ibi tó yẹ kí owó rẹ̀ gbà.

Treadmill, ẹ̀rọ ìsáré, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Ẹ̀rọ yẹn lè fa iná ju áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lọ nígbà tí ẹni tó sanra bá ń sáré lórí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sì lè gbé e dáadáa. Bí iná bá ń lọ sókè sódò, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lè jó, owó àtúnṣe bọ́ọ̀dù kì í sì í ṣe kékeré. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbin, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná yóò wà ní aago márùn-ún ìdájí? Ẹni tó bá ti rà á tán, òróró sílíkọ́ọ̀nù nìkan ni kó máa fi sábẹ́ bẹ́líìtì rẹ̀, nítorí òróró ẹ́ńjìnnì a máa ba bẹ́líìtì náà jẹ́. Ẹni tí kò tíì rà á, kó ra okùn ìfò, kó sì ní kí káfíńtà kan àpótí líle tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan fún un láti máa gùn. Àwọn méjèèjì yóò mú kí àyà ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, wọn kò sì béèrè iná.

Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gba ṣọ́ọ̀bù sí, ẹ má gbà á sórí dẹ́kìn. Irin kílò 60 tó bá já bọ́ lókè lè la sìmẹ́ńtì, bí kò bá sì là á, ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ará ìsàlẹ̀ gbádùn. Táìsì kò lè gba irin, fífọ́ ni yóò fọ́. Níbi tí wọ́n á ti máa gbé irin, ẹ to plywood oní-mílímítà 18 ní ìpele méjì, kí ojú ìpàdé ti òkè má bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ rọ́bà oní-mílímítà 20 lé e. Níbi tó kù, rọ́bà mílímítà 10 ti tó. Fóòmù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń so pọ̀ fún àwọn ọmọdé kò wúlò lábẹ́ irin: ó rọ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹni tó gbé ẹrù kò ní dúró lórí rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni kí wọ́n tẹ́ plywood sórí sìmẹ́ńtì lásán. Lásìkò òjò, omi a máa rin láti inú ilẹ̀ bọ̀ sókè, rọ́bà tó bò ó kò sì ní jẹ́ kó gbẹ. Pákó á wú, á máa rùn, ikán á sì dé. Ọ̀rá tó nípọn, irú èyí tí bíríkìlà ń tẹ́ kí wọ́n tó da kọnkéré, ni kó kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Ẹ fi solignum, oògùn tó ń lé ikán, kun plywood lójú méjèèjì àti ní etí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí òórùn rẹ̀ kúrò nínú yàrá, kí rọ́bà tó bò ó. Kí ẹ tó sanwó fún onílé pàápàá, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn òjò ńlá. Bí ọ̀dà bá ń ṣí nídìí ògiri, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó fún iṣẹ́ yìí. Irin gígùn tó jẹ́ kílò 20 gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ díẹ̀. Yóò ku bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ó lé díẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ènìyàn á sì lè dúró níbẹ̀ fi pléètì, irin róbótó tó ń mú un wúwo, sí i. Nínú yàrá 10 sí 10, ọwọ́ á máa ha mọ́ ògiri. Ẹ wòkè pẹ̀lú. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó na irin sókè orí, pléètì rẹ̀ lè kọjá ẹsẹ̀ bàtà 8, ibẹ̀ gan-an sì ni abẹ́ fáànù òkè ń yí sí. Fáànù ara ògiri ni kí ẹ lò, kí fèrèsé sì wà lójú méjì kí atẹ́gùn lè fẹ́ kọjá. Bí ẹ bá ń ra pléètì, ẹ wọn ihò rẹ̀: irin kan wà tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 50, òmíràn wà tó jẹ́ 25 tàbí 28, èkíní kò sì bá èkejì lọ. Ẹni tó bá ra irin níbì kan, tó wá lọ ra pléètì níbòmíràn láìwọn ihò, á kàn fowó ṣòfò ni.

Ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa ara sókè ń kó àwọn ènìyàn sínú ewu. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé ní ihò nínú. Bóòtì tí wọ́n kàn gbá wọ inú ihò yẹn kò rí nǹkan dì mú, bí ẹni kílò 90 bá sì ti ń já sí i lójoojúmọ́, ó di dandan kó tú. Ẹ lu ògiri já, ẹ fi pléètì irin sí òdìkejì, kí ẹ sì fi bóòtì dè é láti ìhà méjèèjì, tàbí kí ẹ fi mọ́ òpó kọnkéré. Èyí tó dára jù ni kí wẹ́dà jó férémù tó dá dúró, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Páìpù onígun mẹ́rin oní-ínǹṣì 2 ni kó lò, kí ara rẹ̀ nípọn ní mílímítà 3, kí ọwọ́ irin méjì sì wà nísàlẹ̀ tí yóò gba ẹrù bí agbára ẹni tó ń gbé e bá tán. Ẹ yẹ ojú ìjópọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó kun ún, torí ọ̀dà ń bo ìjó tí kò wọlé. Irin ìgbé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìkọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì kọ kílò rẹ̀ sí i lára. Bí ọ̀tún bá fi kílò kan tàbí méjì ju òsì lọ, ẹ̀yìn ẹni tó ń gbé e ni yóò jìyà rẹ̀.

Òógùn níyọ̀, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń fẹ́ sí wa láti Bàyékù àti Ẹbúté. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu irin lálaalẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ pa á lára. Omi ọṣẹ ni kí ẹ máa fi nu bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí làpálàpá má ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Bílíìṣì kò gbọ̀dọ̀ kan irin, yóò mú un dípẹtà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, èyí tó ń di apá, gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí irin kankan tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá jíìmù kékeré ti dàgbà díẹ̀, ojú ń tì wọ́n láti lọ sáàárín àwọn ọ̀dọ́ ní jíìmù ńlá, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè wà lára wọn láìmọ̀. Kí oníbàárà jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ẹ má wọn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí ọ̀kadà. Ìdè tó kéré jù fún apá ńlá máa ń mú kí nọ́ńbà ga ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà ẹ ra ìdè ńlá mọ́ ọn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí ti òkè bá tó 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 110, kò sí irin gbígbé lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ. Bí àyà bá tún ń dùn ún, tàbí ojú rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kọjá 140 lórí 90 lè bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí dókítà bá ti rí i. Ẹ kọ́ ọ kó máa mí síta nígbà tó bá ń gbé ẹrù, torí ẹni tó sé èémí mọ́ra ń ti ìfúnpá rẹ̀ sókè gan-an. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 90 mg/dL, kó jẹ ṣúgà oníhóró mẹ́rin tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, kó sinmi, kó sì tún un yẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Ní ti owó, wákàtí lẹ ń tà. Ará Ìkòròdú tó ń lọ sí Mile 12 àti kọjá bẹ́ẹ̀ ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì máa ń pẹ́ lálẹ́ kó tó dé, torí náà ọ̀sán yín yóò dá. Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù, epo àti àtúnṣe jẹ́ 150,000 náírà lóṣù. Bí ẹ bá ta wákàtí 100, 1,500 náírà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe tiyín. Bí ó bá jẹ́ 40 lẹ tà, bó ṣe lè rí ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti di 3,750. Ẹ gba owó ìgbà 8 tàbí 12 ṣáájú, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí kò bá fi wákàtí 12 sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní wá ti jẹ tiẹ̀, torí ẹ kò lè rí ẹlòmíràn ta wákàtí yẹn fún mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó jìnnà sí fèrèsé tó mítà 6, afẹ́fẹ́ olóró (carbon monoxide) tó wà nínú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pani. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 àti 767, gàdàgbà sára ògiri, kí kóòṣì sì kọ́ bí a ti ń tẹ àyà ẹni tó dákú, tí kò mí mọ́: àárín àyà, kó wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Àwa ni,
Àwọn kóòṣì eré ìmárale kan,
Ìkòròdú.